Kí Ló Ń Kùn Nínú Sípíkà Dádì?

Nígbà tí olùkọ́ wa ní kí oníkálukú kọ nǹkan tó kọ́ lásìkò ìsinmi, àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọn máa kọ nípa ìrìnàjò. Èmi ò lọ ibì kankan ní tèmi. Ilé wa ní Woji ni mo wà títí a fi wọlé. Ṣùgbọ́n mo kọ́ bí a ṣe ń wá ohun tó ń mú kí ẹ̀rọ orin máa kùn, àti ohun tó ń mú kí sípíkà kan dákẹ́ nígbà tí èkejì ń sọ̀rọ̀. Mo fẹ́ ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, nítorí díẹ̀ ló kù kí ohun kan tí kò ṣeé rà lọ́jà bọ́ lọ́wọ́ wa nítorí ariwo yẹn.

Kásẹ́ẹ̀tì Ìyá Àgbà

Ìyá tó bí dádì mi, Ọ̀yọ́ ni wọ́n gbé títí wọ́n fi kú. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni mí nígbà náà, mi ò lè sọ pé mo rántí ohùn wọn. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó bí mi, Dádì ti gba ohùn wọn sínú kásẹ́ẹ̀tì kan nínú pálọ̀ wọn. Nínú kásẹ́ẹ̀tì yẹn, Ìyá àgbà ń ki oríkì ilé wa láti orí àwọn bàbá ńlá wa títí dé orí Dádì fúnra wọn. Kò sí ẹlòmíì nínú ẹbí wa tó mọ̀ ọ́n kì tó bẹ́ẹ̀ mọ́.

Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe rí fún àwa tí wọ́n bí sí Port Harcourt. Pidgin là ń sọ ládùúgbò, Gẹ̀ẹ́sì là ń sọ ní kíláàsì, àwọn aládùúgbò wa ní Woji ń sọ Ikwerre láàárín ara wọn. Yorùbá wá kù sí inú ilé àti inú ẹgbẹ́ wa yìí. Tí ẹnikẹ́ni bá ní kí n ki oríkì ilé wa, ìlà mẹ́ta péré ni mo mọ̀, ìlà kẹta gan-an ò sì dá mi lójú. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì náà, kí n kọ ọ́ sílẹ̀, kí n sì kì í lọ́jọ́ àṣà ẹgbẹ́ wa.

Dádì ki kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ. "Ùùùnnn!" Ohun tí a gbọ́ nìyẹn. Ìkùn náà bo ohùn Ìyá àgbà mọ́lẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń sọ̀rọ̀ lẹ́bàá jẹnẹrétọ̀. Sípíkà ọwọ́ ọ̀tún tún ń ṣe "kra, kra", á dákẹ́, á tún sọ̀rọ̀, á tún dákẹ́.

Dádì pe oníṣẹ́ iná kan. Ó tú pọ́ọ́gì ámípù, ó yọ wáyà kan nínú rẹ̀, ìkùn náà sì lọ sílẹ̀ dáadáa. Ó ní ó ti parí, ó gba owó, ó lọ. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ nu ilẹ̀ pálọ̀ tán, mi ò wọ bàtà. Bí mo ṣe fọwọ́ kan ara ámípù tó jẹ́ irin láti pa á, iná gbé mi! Kò pọ̀, ṣùgbọ́n mo pariwo, apá mi sì wúwo fún ìgbà díẹ̀. Dádì fa pọ́ọ́gì yọ kíá, wọ́n sì dá wáyà yẹn padà sí àyè rẹ̀. Ìkùn náà padà dé.

"Orin tó máa pa mí lọ́mọ, mi ò fẹ́ ẹ," Dádì wí. Wọ́n ní àwọn máa ta gbogbo ẹ̀rọ náà, àwọn á ra sípíkà kékeré tó ń lo Bluetooth. Mo rò ó wò: sípíkà Bluetooth ò ní ojú kásẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ̀rọ yìí bá lọ, Ìyá àgbà á dákẹ́ nìyẹn. Mo bẹ Dádì pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan péré. Wọ́n gbà, ṣùgbọ́n wọ́n ní mi ò gbọdọ̀ dá fọwọ́ kàn án láìsí àgbàlagbà níbẹ̀. Wọ́n wá pe Àǹkù kan tó ń bójú tó ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ọmọ Ikwerre ni Àǹkù yìí. Pidgin ni wọ́n fi kọ́ mi, èmi ni mo tú u sí Yorùbá fún yín.

Kí ni ìkùn yìí gan-an?

Iná tó ń wọlé wa láti ojú òpó kì í lọ sí apá kan ṣoṣo bí omi inú páìpù. Ó ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bó ṣe rí ní Nàìjíríà nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní Amẹ́ríkà, ìgbà 60 ni. Etí èèyàn lè gbọ́ ohun tó bá ń gbọ̀n nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn ìsàlẹ̀ gan-an ni, ó jinlẹ̀ ju ohùn ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ lọ. Bí díẹ̀ lára iná yẹn bá yọ́ wọ inú wáyà tó ń gbé orin, ámípù ò mọ̀ pé àlejò ni. Iṣẹ́ ámípù ni kó sọ ohun kékeré di ńlá, á sì sọ ìkùn náà di ńlá pẹ̀lú orin.

Ẹ lè dán èyí wò nílé yín. Nígbà tí jẹnẹrétọ̀ kékeré wa ń ṣiṣẹ́, bí fíríìjì bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ẹ̀ńjìnnì jẹnẹ a máa fà sẹ́yìn díẹ̀ nítorí ẹrù tó wúwo. Ìkùn inú sípíkà náà á lọ sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ èyí ni mo gbà pé iná ló ń kùn, kì í ṣe sípíkà.

Àwa ọmọ Yorùbá ní àǹfààní kan nínú ọ̀rọ̀ yìí. Etí wa ti mọ dò, re, mí. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fetí sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun:

"Ùn-ùn-ùn" tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tó dà bí àmì dò: ìgbà 50 nìyẹn. Lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀rọ̀ wáyà àti ilẹ̀ ni.

"Un-un-un" tó ga ju ìyẹn lọ díẹ̀, tó ń dún bakan náà láìdáwọ́ dúró: ó lè jẹ́ ìgbà 100. Inú ámípù fúnra rẹ̀ ni ẹ ó ti wá a. Ámípù máa ń ká iná tó ń lọ tó ń bọ̀ kó lè máa lọ sí apá kan ṣoṣo, ìdí nìyẹn tí 50 fi di 100. Ohun tí wọ́n ń pè ní kapásítọ̀ ló ń tọ́jú iná yẹn pa mọ́, tó ń mú kó tẹ́jú. Bí kapásítọ̀ bá gbó, iná ò ní tẹ́jú mọ́, á máa kùn.

"Jíí-jíí" tó mú létí: ẹ wo ṣájà fóònù, gílóòbù, rẹ́gúlétọ̀ fáànù àti ínfátà.

"Kra, kra", tàbí kí ohùn máa lọ kó máa bọ̀: wáyà kan ò dúró dáadáa níbì kan.

"Ṣṣṣṣ" bí òjò tó jìnnà: ti kásẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe àìsàn.

Ẹ má fi etí nìkan dájọ́ o. Etí máa sọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ fún yín ni.

Bi í léèrè, á dáhùn

Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn bàbá wa ń pe rédíò, nítorí ó ń sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n kì í gba èsì. Ìkùn kì í ṣe asọ̀rọ̀mágbèsì. Bí ẹ bá bi í léèrè, á dáhùn. Ọ̀nà tí a gbà ń bi í ni pé kí á yọ nǹkan kan ṣoṣo, kí á gbọ́, kí á dá a padà, kí á tún yọ òmíràn. Ohun tí Àǹkù kọ́kọ́ sọ fún mi nìyí: "No rush am. Comot am one by one." Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Tí ẹ bá yọ wáyà mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà tí ìkùn sì lọ, ẹ ò ní mọ èyí tó jẹ̀bi nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Mo mú ìwé kan, mo ń kọ ìbéèrè àti ìdáhùn sílẹ̀. Òfin wa ni pé kí a tó yọ wáyà tàbí kí a tó kì í, a á yí ohùn sílẹ̀, a á pa ámípù, a á sì fa pọ́ọ́gì yọ. Lẹ́yìn náà la tó máa tàn án padà láti gbọ́.

Ìbéèrè kìíní: A yí bọ́tìnnì ohùn sókè, a yí i sísàlẹ̀. Ṣé ìkùn ń bá a lọ sókè sódò? Bí ìkùn bá wà bakan náà bó ti wù kí ẹ yí i, ẹ̀yìn bọ́tìnnì ohùn ló ti ń wọlé, ìyẹn ni pé inú ámípù ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá ń bá bọ́tìnnì lọ, kó tó dé bọ́tìnnì ló ti wọlé. Tiwa ń bá bọ́tìnnì lọ. Nítorí náà, ámípù Dádì ò tíì bàjẹ́. Inú mi dùn.

Ìbéèrè kejì: A yọ gbogbo wáyà tó ń gbé ohùn wọ ẹ̀yìn ámípù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun mẹ́ta ló so mọ́ ọn: ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì, ẹ̀rọ CD àti dẹkọ́dà tẹlifíṣọ̀n. A yọ ti CD, ìkùn ò lọ. A dá a padà. A yọ ti dẹkọ́dà: wẹ́lo! Pálọ̀ dákẹ́. A dá a padà, ìkùn padà dé. Ìyanu ló jẹ́ fún mi, nítorí kásẹ́ẹ̀tì là ń gbọ́, dẹkọ́dà ò tilẹ̀ sí lórí iṣẹ́.

Ìbéèrè kẹta: Dẹkọ́dà fúnra rẹ̀ ni, tàbí ohun tó so mọ́ dẹkọ́dà? A dá wáyà ohùn dẹkọ́dà padà, a wá yọ wáyà dúdú tó ń bọ̀ láti ara àwo tó wà níta. Ìkùn tún dákẹ́. Ibẹ̀ gan-an la bá a.

Ọ̀nà méjì wọ inú ilẹ̀

Ibí yìí ló ṣòro jù fún mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Pọ́ọ́gì ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní ẹsẹ̀ kan tó gùn ju àwọn méjì yòókù lọ. Wáyà tó ní àwọ̀ ewé àti àwọ̀ ìyeyè ló so mọ́ ọn. Wáyà ilẹ̀ nìyẹn. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ara irin ámípù, ó gba inú ògiri lọ síbi irin kan tí wọ́n rì mọ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé. Bí iná bá ṣèèṣì fara kan irin ámípù, inú ilẹ̀ ló máa gbà lọ, kì í ṣe ara èèyàn. Wáyà tí oníṣẹ́ iná yẹn yọ nìyẹn. Nígbà tó yọ ọ́, ìwọ̀nba iná tó ń jò sára irin ámípù ò rí ọ̀nà gbà mọ́, èmi tí mo dúró sórí ilẹ̀ tútù ni mo wá di ọ̀nà.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí ìkùn fi lọ sílẹ̀ nígbà tó yọ ọ́? Nítorí pé ọ̀nà wọ inú ilẹ̀ ti pé méjì. Òpó irin tó gbé àwo dẹkọ́dà dúró, inú ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé la rì í mọ́. Láti ara òpó, ó gba ara wáyà dúdú wọ dẹkọ́dà, láti dẹkọ́dà ó gba ara wáyà ohùn wọ ámípù, ámípù sì ní ọ̀nà tirẹ̀ sínú ilẹ̀ láti ara pọ́ọ́gì. Ó ti di òbìrípo.

Ẹ rántí bí a ṣe ń fi họ́ọ̀sì pín omi láàárín kẹ́ẹ̀gì méjì ní ilé ìwé. Bí omi inú kẹ́ẹ̀gì méjèèjì bá dọ́gba, kò sí ohun tó máa ṣàn nínú họ́ọ̀sì. Bí ọ̀kan bá fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ, omi á máa ṣàn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni. Ilẹ̀ ibi òpó àti ilẹ̀ ibi irin ilé ò dọ́gba tó bẹ́ẹ̀ ní ti iná. Nítorí náà iná kékeré kan ń ṣàn láàárín wọn, ara wáyà ohùn ló sì fi ṣe họ́ọ̀sì. Iná yẹn ń lọ ó ń bọ̀ nígbà 50. Ámípù gbọ́ ọ, ó pè é ní orin.

Àtúnṣe rẹ̀ ni pé kí a já òbìrípo náà níbi tí kò léwu, kí á má ṣe fọwọ́ kan wáyà ilẹ̀ rárá. Ohun mẹ́ta lèèyàn lè ṣe. Èkíní, kí gbogbo ẹ̀rọ máa jẹ iná láti ara ẹ́kíténṣọ̀n kan náà, kí ọ̀nà ilẹ̀ wọn lè jẹ́ ọ̀kan. Èkejì, kí á yọ ohun tí a ò lò kúrò lára ámípù. Ẹ̀kẹta, àpótí kékeré kan wà tí wọ́n ń kì sí àárín wáyà ohùn. Taransífọ́mà kékeré méjì ló wà nínú rẹ̀, ọ̀kan fún ọ̀tún, ọ̀kan fún òsì. Ohùn máa ń kọjá nínú taransífọ́mà láìjẹ́ pé wáyà ẹ̀gbẹ́ kan fara kan wáyà ẹ̀gbẹ́ kejì, iná tó ń ṣàn láti inú ilẹ̀ ò sì rí afárá kọjá mọ́. Àǹkù ní ọ̀kan tó ti pẹ́ lọ́wọ́ wọn, wọ́n fún wa. Dádì rò pé owó ni wọ́n máa bèèrè, àmọ́ wọ́n ní kí n ṣáà fi oríkì náà ránṣẹ́ sí àwọn kí àwọn gbọ́ bó ṣe ń dún.

Wáyà náà ní ìwà

Lẹ́yìn èyí, ìkùn tó kù ò ju díẹ̀ lọ. Àǹkù wo ẹ̀yìn ẹ̀rọ, wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo wáyà ló lọ́ mọ́ra wọn bí ejò. Wáyà iná àti wáyà ohùn ò gbọdọ̀ jọ sùn pọ̀, torí iná tó ń lọ nínú ọ̀kan máa ń ta sí èkejì láìfara kàn án. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jìnnà síra wọn. Bí wọ́n bá gbọ́dọ̀ kọjá lára ara wọn, kí wọ́n ṣe bí àgbélébùú, kí wọ́n má nà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ẹ tún wo wáyà ohùn fúnra rẹ̀. Èyí tó dára ní àwọ̀n wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tó bo wáyà àárín bí ẹ̀wù, òun ló ń gba ọfà ìkùn. Àwọn olówó pọ́ọ́kú kan wà tí ẹ̀wù wọn ti fàya láti ilé.

Àwọn tó ń ta gìtá iná náà ti jìyà ìkùn yìí. Ní 1955, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan, Seth Lover, tó ń bá ilé iṣẹ́ Gibson ṣiṣẹ́, wá ọgbọ́n dá sí i. Dípò kó wé wáyà kan ṣoṣo sábẹ́ okùn gìtá, méjì ló wé, ó wé wọn lódì sí ara wọn, ó sì yí mágínẹ́ẹ̀tì ọ̀kan padà. Mo máa ń pè wọ́n ní Táíwò àti Kẹ́hìndé. Ìkùn tó bá wọ Táíwò àti èyí tó wọ Kẹ́hìndé á kọlu ara wọn, wọ́n á parẹ́, ṣùgbọ́n ohùn okùn gìtá á dún pọ̀ lára àwọn méjèèjì. Tí ẹ bá ń gbọ́ gìtá nínú orin jùjú, ẹ rántí àwọn ìbejì yìí.

Sípíkà tó ń ṣe kra, kra

Ó wá ku sípíkà ọ̀tún. Èmi rò pé ó ti bàjẹ́, a máa ra tuntun. Àǹkù ní rárá, pààrọ̀ kí o tó rà. Ọgbọ́n náà rọrùn: bí ẹ bá pààrọ̀ ọ̀tún àti òsì níbì kan, tí àìsàn náà sì sún lọ sí òdì kejì, ẹ̀bi wà ṣáájú ibi tí ẹ ti pààrọ̀. Bí kò bá kúrò lójú kan, ẹ̀yìn ibẹ̀ ló wà.

A kọ́kọ́ pààrọ̀ wáyà sípíkà lẹ́yìn ámípù. Sípíkà òsì ló wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣe kra, kra. Ó túmọ̀ sí pé sípíkà ọ̀tún ò ṣẹ ẹnikẹ́ni. A dá wọn padà. A wá pààrọ̀ wáyà ohùn tó ń ti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ lẹ́yìn ámípù, pupa sí àyè funfun, funfun sí àyè pupa. Àìsàn tún sún lọ sí òsì. Ámípù náà ò jẹ̀bi. A dá wọn padà. Níkẹyìn a pààrọ̀ wọn lẹ́yìn ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì nìkan. Lọ́tẹ̀ yìí, àìsàn ò kúrò ní ọ̀tún. Nítorí náà, ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì ò jẹ̀bi, wáyà pupa ló jẹ̀bi!

Nígbà tí mo wo ẹnu rẹ̀, ó ti dógùn-ún, ó ní àwọ̀ ewé lára. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Port Harcourt, ẹ fiyè sí èyí. Òjò tó ń rọ̀ níbí ju 2,000 mìlímítà lọ lọ́dún, omi sì yí wa ká. Afẹ́fẹ́ máa ń tutù mọ́ ẹnu wáyà, á jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ fi èyí tí eruku dúdú ń dà lé e: láti ìparí 2016 ni àwọn ará ìlú ti ń pariwo rẹ̀, ẹ sì mọ bí ó ṣe ń kùn windo. Ó ń wọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà.

Mo fi írésà pẹ́ńsù pa ẹnu wáyà náà títí ó fi ń dán, mo fi òwú tí mo rẹ sínú sípírítì nù ún, mo jẹ́ kó gbẹ. Ó sàn, ṣùgbọ́n bí mo bá mì ín, á tún ṣe kra. Àǹkù tú ẹnu rẹ̀: lẹ́ẹ̀dì tó di wáyà mú ti sán. Wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì tuntun lẹ̀ ẹ́, ó parí. Wọ́n tún gé orí wáyà sípíkà tó ti dúdú, wọ́n sì lọ́ ọ tuntun. Ẹ má jẹ́ kí irun wáyà pupa kankan yọ fara kan dúdú níbẹ̀ o, ó lè jó ámípù.

Ìkùn tí a ò lè yọ

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, Dádì tún ki kásẹ́ẹ̀tì bọ̀ ọ́. Ohùn Ìyá àgbà jáde láti ọ̀tún àti òsì. Wọ́n kọ́kọ́ wúkọ́, wọ́n bi Dádì bóyá ó ti ń gba ohùn àwọn, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ohùn wọn jọ ti Àǹtí mi tó bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ìkùn kékeré kan ṣì wà lábẹ́ ohùn náà. Inú bí mi. Mo ní a ò tíì ṣe é tán. Àǹkù ní kí n dá kásẹ́ẹ̀tì dúró, kí n má pa ámípù. Mo dá a dúró, ìkùn dákẹ́. Mo jẹ́ kó máa lọ, ìkùn padà. Ìdáhùn nìyẹn: bí ìkùn bá ń bá kásẹ́ẹ̀tì dúró, inú kásẹ́ẹ̀tì ló wà, kò sí wáyà tí ẹ máa yọ tó máa lé e lọ. Dádì fetí sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Fíríìjì Ìyá nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jókòó sí." Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ mọ́.

Lọ́jọ́ kejì a so ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì mọ́ láptọ́ọ̀pù kí a lè tọ́jú ohùn náà síbẹ̀. Ìkùn tún dé! Mo ti mọ ohun tí mo máa bi í. Mo yọ ṣájà láptọ́ọ̀pù, mo jẹ́ kó máa lo bátìrì, ó dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí bí ẹ bá fẹ́ gba ohùn sórí láptọ́ọ̀pù.

Ohun tí ẹ ò gbọdọ̀ ṣe

Ẹ má ṣe yọ wáyà ilẹ̀, ẹ má sì gé ẹsẹ̀ rẹ̀ lára pọ́ọ́gì, bó ti wù kí ìkùn náà lọ tó. Tí ẹnikẹ́ni bá ṣe é nílé yín, ẹ sọ fún òbí yín. Ẹ má ṣe tú ikùn ámípù fúnra yín: kapásítọ̀ lè di iná mú lẹ́yìn tí ẹ ti yọ pọ́ọ́gì, ó sì lè gbé èèyàn. Ẹ má fi ọwọ́ tútù tàbí ẹsẹ̀ lásán ṣe iṣẹ́ yìí. Bí ààrá bá ń sán, ẹ fi ẹ̀yìn ẹ̀rọ sílẹ̀, pàápàá wáyà tó ń bọ̀ láti ìta. Kí àgbàlagbà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín.

Ọdún 1963 ni ilé iṣẹ́ Philips gbé kásẹ́ẹ̀tì jáde, àwọn òbí wa sì gba ọ̀pọ̀ nǹkan sínú rẹ̀: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkíni ọdún, oríkì. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ní irú rẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ nílé. Ẹ wò ó ní ìsinmi tó ń bọ̀, kí wọ́n tó ta ẹ̀rọ tó ń sọ ọ́.

Mo ti kọ oríkì ilé wa sílẹ̀ báyìí, ó kún ojú ìwé mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ mọ́kànlá ló wà nínú rẹ̀ tí èmi ò mọ ìtumọ̀ wọn, Dádì náà ò mọ méje nínú wọn. Mo ti fa ìlà sábẹ́ wọn. Ẹ̀yin olùkọ́ wa, mo máa mú ìwé náà wá sí ìpàdé ọjọ́ Ẹtì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó.